Kíláàsì Orí Bẹ́ẹ̀dì

Ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹsẹ̀ mi tilẹ̀ ṣẹ́. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni mo lọ, kí n lọ kọ́ àwọn akọ̀ròyìn mẹ́fà níṣẹ́ rédíò. Mo ti to gbogbo ẹ̀kọ́ sínú kọ̀ǹpútà, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó gún régé. Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mò ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà níwájú ọjà, àṣé irin àtẹ̀gùn kan ti dípẹtà, èmi ló ń dúró dè. Gbì! Ìgbà tí mo máa lajú, nọ́ọ̀sì ló ń bi mí pé ta ni kí àwọn pè fún mi.

Ọkọ mi ni wọ́n pè. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, máa bọ̀ nílé jàre."

Mo ní mi ò lọ.

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo kúkú mọ̀. Ẹsẹ̀ ló ṣẹ́, agídí ò ṣẹ́."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ? Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ rédíò tí àwọn mẹ́fà náà ń bá ṣiṣẹ́ ti sọ ọ́ ní gbangba pé bí ètò tí àwọn ọmọ náà máa ṣe lọ́jọ́ Ẹtì ò bá dára, òun á ti ẹ̀ka ìròyìn pa, orin ni wọn á máa gbé sáfẹ́fẹ́ tọ̀sán-tòru. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á sì gba ilé wọn lọ. Ọ̀kan wà nínú wọn tí mo sọ ní Ohùn Jẹ́jẹ́, torí o ní láti tẹ́tí dáadáa kó o tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Iṣẹ́ yìí ló fi ń bọ́ ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n kó kíláàsì wá bá mi ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì àgbà fárígá: "Èèyàn méjì péré ló lè wọlé wo aláìsàn lẹ́ẹ̀kan náà!" Mo fẹ́ bínú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí kúkú mọ̀ pé ìbínú mi ò jìnnà, àmọ́ ẹni tí wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ sókè, ta ló fẹ́ bá jà? Bí ọ̀nà kan ò bá dí, ọ̀kan kì í là. Mo ní kí wọ́n máa wọlé ní méjì-méjì.

Bí gbogbo ètò mi ṣe dàrú nìyẹn, ìdàrú ọ̀hún ló sì gbè wá. Ohùn Jẹ́jẹ́ tí kì í la ẹnu láàárín èrò, nígbà tó ku òun àti ẹnì kan ṣoṣo, ìbéèrè ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀ bí omi. Obìnrin aránṣọ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi, tí apá rẹ̀ ṣẹ́, òun ni wọ́n fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò. "Ẹ tún bi mí," ló máa ń wí, "ó ń jẹ́ kí n gbàgbé ìrora." Orí afárá yẹn lòun náà ti ṣubú. Ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ní afárá làwọn máa fi ṣe ètò, kí èmi sì wá sọ tèmi.

"Láéláé! Akọ̀ròyìn kì í di ìròyìn. Ẹ lọ pe ẹnjiníà kánsù."

Wọ́n pè é. Ẹnjiníà gbà, ó ní òun ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, rédíò wà lórí tábìlì mi, gbogbo yàrá ń tẹ́tí sí i. Ohùn Jẹ́jẹ́ kí àwọn olùgbọ́, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ afárá, ó ní àlejò òun ti fẹ́ wọlé. Ló bá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ lórí rédíò, ẹ̀yin ará, ikú ni! Mo pariwo, "Sọ̀rọ̀! Ìwọ ọmọ yìí, sọ̀rọ̀!"

"Ṣé ó ń gbọ́ yín ni?" Aránṣọ ló bi mí bẹ́ẹ̀.

Ohùn náà padà dé. "Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹnjiníà tó ní òun ń bọ̀ ò yọjú, kò sì gbé fóònù. Ẹ jẹ́ ká pe ẹnì kan tó ṣubú lórí afárá náà." Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ ìrọ̀rí.

Mo ń wò ó. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò di ìròyìn rí. Àmọ́ tí mi ò bá gbé e, wọ́n á tún dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, iṣẹ́ àwọn ọmọ yẹn á sì bọ́.

"Ẹ ò gbé e ni, àbí kí n bá yín gbé e?" Aránṣọ tún ni.

Mo gbé e. Ohùn Jẹ́jẹ́ ní kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́, ló bá di pé mò ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí kánsù: ọ̀lẹ ni wọ́n, aláìláàánú ni wọ́n!

"Ẹ dákun mà, ẹ dúró ná." Kò gbóhùn sókè rárá. "Olùkọ́ mi lẹ jẹ́, ó yẹ kí àwọn olùgbọ́ mọ̀. Inú sì ń bí yín. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ lẹ̀ ń sọ, pé kì í ṣe ìbínú ló ń sọ̀rọ̀?"

Háà! Èmi! Ara mi kọ́kọ́ gbóná. Lẹ́yìn náà ni orí mi wú, torí pé ohun tí mo wá kọ́ wọn gan-an nìyẹn.

Mo ní, "O ṣé tó o bi mí. Má gba tèmi nìkan gbọ́." Mo na fóònù sí aránṣọ. Ó sọ tiẹ̀, kò fi bọpo bọyọ̀. Bó ṣe ń parí ẹ̀, ìyá kan tó wà lẹ́bàá fèrèsé, tí kò tíì bá wa sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, gbórí sókè.

"Ẹ gbé e wá síbí. Àtẹ̀gùn yẹn náà ló gbé èmi ṣubú."

Nọ́ọ̀sì àgbà fúnra ẹ̀ ló gbé fóònù lọ bá a.

Ó dìrọ̀lẹ́ kí ọ̀gá rédíò tó pè mí. Ó ní gbogbo ìlú ló ń pe àwọn, pé kò sẹ́ni tó máa ti ẹ̀ka ìròyìn mọ́. Mo sunkún, ẹ má bú mi.

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ọ̀sì kọjú sógiri bíi pé kò rí wọn. Ohùn Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀dì mi. "Mà, ẹ má bínú. Mo sọ yín di ìròyìn, mo tún já lu ọ̀rọ̀ yín níwájú gbogbo ayé."

"Dìde jàre, ọmọ mi. Èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ, ẹsẹ̀ ni ò jẹ́."