Ọjọ́ Kan Ṣoṣo ní Ilé Bàbá Mi

Inú mọ́tò ni mo wà ní gáréèjì Ìkirè nígbà tí fóònù mi dún. Mo ti jókòó sídìí fèrèsé, mo gbé dòdò tí mo dì sínú ewé lé itan, mo ń dúró kí ọkọ̀ kún. Bọ̀ọ̀dá Jubril ló pè mí. Bàbá kan náà ló bí wa, ìyá wa ló yàtọ̀.

"Waliyat, bàbá ti lọ o."

"Wọ́n lọ síbo?"

"Wọ́n ti kú. Àsùbáà àná ni. A sì ti sin wọ́n lánàá náà. Ìwọ náà mọ̀ pé àwa mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀."

Èrò tó kù wọlé, dẹ́rẹ́bà gbéra. Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí ń bi mí bóyá dòdò títà ni, mo sì ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń mì.

Ẹ̀yìn ni màmá mi pọ̀n mí sí nígbà tí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ bàbá mi n'Ìbàdàn. Mi ò mọ̀ wọ́n lójú. Ìgbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n rí nọ́ńbà mi gbà, láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti kírun Ìṣáì tán, wọn á pè mí. Ohùn wọn lọ́ra, ó máa ń já, ṣùgbọ́n ó dùn. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí màá wá kí wọn ni wọ́n máa ń sọ.

"A ó kọ́kọ́ gun Mápó kí o rí bí ìlú ṣe tẹ́. A ó gba Bẹ́yẹrúnkà, níbi tí mo ti ń rán fìlà, kí àwọn òpùrọ́ tó ní mi ò lọ́mọbìnrin lè rí ọ. A ó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ní Bẹẹrẹ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá wá fi inú ilé hàn ọ́. Ọjọ́ kan tó, béèyàn bá mọ ibi tó ń lọ."

Mo ti rin ọjọ́ yẹn lọ́kàn títí tí mo fi mọ àwọ̀ fìlà tí wọ́n máa dé. Mo mọ bí wọ́n ṣe máa dúró lórí àtẹ̀gùn Mápó kí wọ́n lè sinmi, tí wọn á díbọ́n pé èmi ló rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tí a dá ni mo gbéra, ṣùgbọ́n ikú ti ṣáájú mi débẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Jubril dúró dè mí ní Bẹẹrẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta bàtà. Ó ga, ó rù, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gba ẹrù lọ́wọ́ mi, kò sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

"Gbọ́, Waliyat. Àwa méjì péré ni bàbá bí. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilé. Ó ní tí òun ò bá gbọ́ èsì lónìí, òun á lọ ra ti Ìdí Arẹ́rẹ́. Tí wọ́n bá kírun Àlàásárì tán, mọ́gàjí, olórí agbo ilé wa, máa jókòó. Wọn ò ní jẹ́ kílé ó tà láìgbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ. 'Mo gbà' náà ni wàá sọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Lónìí kẹ̀? Lánàá lẹ sin wọ́n."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mú mi lọ síbi sàréè ná."

"A máa débẹ̀. Òjò àná ba ọ̀nà jẹ́, jẹ́ kí oòrùn yọ." Ó wò mí. "Kí ni bàbá ní ẹ máa ṣe lónìí?"

Mo rò pé àánú ló ṣe é. Mo sọ fún un, ó mi orí, ó sì ní a máa ṣe gbogbo rẹ̀.

A gun Mápó. Àwọn ayàwòrán sáré pàdé wa níbi àtẹ̀gùn, wọ́n ní kí ọkọ àtìyàwó ya fọ́tò. "Àbúrò mi ni, ẹ̀yin olójúkòkòrò yìí," Bọ̀ọ̀dá Jubril pariwo mọ́ wọn. Lókè, ìlú tẹ́ sílẹ̀ níwájú wa, òrùlé páànù lórí òrùlé páànù, gbogbo rẹ̀ pọ́n bí ewé tó ti gbẹ. Èéfín ń rú láàárín wọn.

"Tí mo bá ju òkò látibí," ó ní, "ó kéré tán á ba orí mọ̀lẹ́bí wa kan. Wo ilé wa lọ́hùn-ún, ní Ìsàlẹ̀ Òsì, èyí tí òrùlé ẹ̀ tẹ̀ bíi ẹ̀yìn ràkúnmí."

Mo ní bàbá ti ṣèlérí pé àwọn fúnra wọn ló máa fi hàn mí.

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kò dé ojú rẹ̀. "Bàbá wo ló máa gun ibí? Waliyat, wọn ò dìde nílẹ̀ láti ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú wọn. Èmi ni mo máa ń gbé fóònù sí wọn létí tí wọ́n bá ń bá ọ sọ̀rọ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ. O máa ń rẹ́rìn-ín gan-an."

Ó ń bá tirẹ̀ lọ, ó dojú kọ àwọn òrùlé. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n. Òun ló ń pa ìtẹ́dìí wọn dà. Ó ti ta mọ́tò tó fi ń gbé èrò láti Bẹẹrẹ dé Mọlété nítorí oògùn, ìyàwó rẹ̀ sì ti kó jáde. Kò sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka orúkọ àdúgbò.

Bẹ́yẹrúnkà ni a gbà kọjá. Bàbá arúgbó kan tó ń fi ọwọ́ rán fìlà ṣí gíláàsì ojú rẹ̀ sókè nígbà tó rí mi.

"Jubril, ta lèyí? Má sọ fún mi! Ẹ wo imú o! Imú bàbá rẹ Màmúdù rèé! A ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọbìnrin ẹ̀, inú fóònù ló ń gbé."

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá," mo kúnlẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Àbí, Jubril, ibi tí ẹ wá gbé e lọ lánàá yẹn..."

"Bàbá, oòrùn ti ń le, à ń padà bọ̀." Bọ̀ọ̀dá Jubril ti fà mí lọ́wọ́. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kó lè dúró.

Ní Bẹẹrẹ, orí àga pákó ni a jókòó sí láti jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ó jẹ tirẹ̀ bí ẹni tí ebi ti ń pa tipẹ́. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tó wẹ bàbá mi, mo sì ń ronú pé kí ni èmi ṣe fún bàbá ju kí n máa rẹ́rìn-ín sí wọn létí. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo gbà. Màá sọ bẹ́ẹ̀ fún mọ́gàjí."

Ó gbé ẹ̀kọ sílẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. Obìnrin tó ń ta oúnjẹ ní, "Ata ni àbí ìfẹ́?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Nígbà tí a dé ilé, ó lọ sójúde lọ pàdé àwọn tó wá kí i kú ọ̀fọ̀. Èmi gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti ṣàlùwàlá. Ilé náà ṣókùnkùn, ó ń rùn bíi òróró ìpara àti ìtọ̀. Ìyá Karimat, ìyá arúgbó tí yàrá wọn kọjú sí ti bàbá mi, jókòó síbẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n wò mí títí.

"Ìwọ lo pẹ́ dé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n nawọ́ sí sàréè méjì tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lábẹ́ ògiri. Àárín wọn ṣófo. Adìyẹ ń tan ilẹ̀ níbẹ̀. "Ìyá Màmúdù nìyẹn, bàbá ẹ̀ nìyí. Àárín yìí ló ní kí wọ́n tẹ́ òun sí. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú agbo ilé yìí."

"Ibo ni wọ́n wá tẹ́ wọn sí, mà?"

"Itẹ́ òkú lẹ́yìn ìlú. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Òsì! Wọ́n gbé e jáde nílé ara ẹ̀ bí ẹni tó yá yàrá gbé." Wọ́n tutọ́. "Ta ló fẹ́ ra ilé tí sàréè tútù wà nínú ẹ̀? Àwọn ti àtijọ́ yìí, wọn á da kọnkéré lé wọn lórí. Ta ló tún mọ̀ wọ́n? Ṣùgbọ́n òkú àná, gbogbo ẹni tó bá wá ralé á bi ọ́ léèrè ẹ̀."

"Mọ́gàjí ò sọ nǹkan kan?"

"Mọ́gàjí ní tí àwọn ọmọ bá ti fẹnu kò, òun ò ní fà á. Mo ní kí wọ́n pè ọ́, pé o ò jìnnà, pé bàbá rẹ ti ń ka ọjọ́. Tí o bá ti wà níbẹ̀, tí o ní rárá, ibí ni wọn ì bá sin ín sí. Jubril ní òun ti ń pè ọ́ láti àsùbáà, fóònù rẹ ò lọ."

Gbogbo ọjọ́ àná ni fóònù mi wà ní títàn. Orin ni mo ń fi gbọ́ nígbà tí èmi àti màmá mi ń dín dòdò. Kò sí ẹni tó pè mí, àfi ẹni tó ń polówó.

Bọ̀ọ̀dá Jubril yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú búta omi àlùwàlá lọ́wọ́. Ó wo ojú Ìyá Karimat, ó wo tèmi, ó sì gbé omi náà sílẹ̀.

"Ṣé ẹ pè mí lánàá?" mo bi í.

"Waliyat..."

"Ṣé ẹ pè mí?"

"Mi ò pè ọ́." Ohùn rẹ̀ le. "Tí mo bá pè ọ́, wàá ní kí wọ́n sin wọ́n síbí. Ọmọ tí kò gbé ìtọ̀ rí ló máa ń mọ ẹ̀tọ́ òkú jù. Mo ti gbé bàbá láàyè, mo gbé wọn títí ẹ̀yìn mi fi kán. Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa gbé òkú wọn kiri náà ni?"

Ìyá Karimat ní, "Jubril, rọra." Kò gbọ́.

"Irọ́ ni wọ́n ń pa fún ọ, Waliyat! Mápó, Bẹ́yẹrúnkà! Òórùn ni mò ń gbọ́ ní tèmi nígbà tí ẹ̀yin ń tàkúrọ̀sọ!"

Lójúde, ẹnì kan ń pè wá pé wọ́n ti kírun tán, mọ́gàjí ti jókòó. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni, ó sì dùn mí fún un dé egungun. Tí ilé yìí kò bá tà, kò sí mọ́tò fún un, kò sí ìyàwó tó máa padà, inú yàrá tó ń rùn yìí ló máa wà. Mo lọ dúró níwájú rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Jubril, ohun tí ẹ ṣe fún bàbá, mi ò lè san án láéláé. Tí ẹ bá pè mí lánàá, tí ẹ bẹ̀ mí, bóyá èmi fúnra mi ni ǹ bá ní kí wọ́n gbé wọn lọ sí itẹ́ òkú. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé wọ́n ń dúró dè mí, ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí n máa dín dòdò. Mi ò gbà mọ́. Ilé yìí ò ní tà. Èmi ni màá sọ fún mọ́gàjí, àmọ́ ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́."