Ẹ Bọ́ Bàtà Nílé Ẹgbẹ́ Guillemette

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Bí ẹ bá lọ gbafẹ́ ní Anjou, ilẹ̀ àwọn olóko àjàrà, tí ẹnìkan bá ní kí ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ọ. Ẹ má bi í léèrè ìdí. Ẹ má sọ pé ẹsẹ̀ kan péré lẹ fẹ́ gbé wọlé. Mo kìlọ̀ fún ẹnìkan. Kò gbọ́.

Èmi ni Firmin. Ilé ẹja dídì ni mo ń ṣọ́ ní Boulogne, létí òkun. Mi ò kàwé púpọ̀, ẹ̀rù sì máa ń bà mí. Mi ò fi bò. Ajá ń bà mí lẹ́rù, afárá ń bà mí lẹ́rù, inú ihò pàápàá ń bà mí lẹ́rù. Lọ́dún tó kọjá, akọ pẹ́pẹ́yẹ kan lé mi gun orí tábìlì nínú ọgbà ìyá ìyàwó mi. Láti ìgbà náà, Anselme, àbúrò ìyàwó mi, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi. Ó sọ ọ́ nígbà Kérésìmesì. Ó sọ ọ́ níbi ìsìnkú. Bó bá ti ń sọ ọ́, á na apá méjèèjì bí ìyẹ́, á wá ké "kúẹ̀ẹ̀!" Solange ìyàwó mi náà á sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Solange yẹn gan-an ló ń dùn mí. Pẹ́pẹ́yẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ sí Anjou nígbà tí àjàrà ń pọ́n. Ọ̀dọ̀ Madame Guillemette la wọ̀ sí, opó àgbàlagbà kan tí oko àjàrà rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ títí dé etí odò. Inú àpáta ni wọ́n gbẹ́ yàrá wa sí. Solange ní, "Ó mà tutù o, ó dùn ún sùn!" Èmi ń wo òkè. Mi ò rí òpó kankan tó gbé e dúró.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Guillemette mú wa lọ síbi tí àgbá wáìnì rẹ̀ wà. Ó bu díẹ̀ sínú ife, ó gbé e sẹ́nu, ó yí i káàkiri ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tu ú sínú garawa; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọ́ wáìnì wò níbẹ̀. Pìà! Anselme tu tiẹ̀. Pìà! Solange rọra tu tiẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ó wá kàn mí. Gbogbo wọn kọjú sí mi. Kí n máa tutọ́ níwájú obìnrin àgbà? Ojú tì mí. Mo gbé e mì.

"Ṣé ó dáa?" ni Guillemette wí.

"Ó dáa, mà."

Ló bá bu òmíràn. Mo gbé e mì. Pupa. Funfun. Èyí tó dùn bí oyin. Nígbà tí a fi jáde sínú oòrùn, gbogbo oko àjàrà ń mì bí aṣọ tí wọ́n sá sí afẹ́fẹ́. Mo kí ajá kan. Wọ́n fún wa ní búrẹ́dì kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò, wọ́n ki ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sínú rẹ̀, mo jẹ ẹ́ títí ọ̀rá fi ṣàn dé ìgúnpá mi.

Solange dì mí lápá mú. "Firmin, o ti yó!"

"Mi ò yó. Ilẹ̀ ibí ni ò tẹ́jú."

Lọ́sàn-án, Guillemette mú wa lọ sílé ẹgbẹ́ wọn, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ olórí. Pápá gígùn kan wà nínú ilé náà, etí rẹ̀ méjèèjì ká sókè bí inú ọkọ̀ ojú omi, ó ń dán bí abọ́. Sálúbàtà aláṣọ ló wà lẹ́sẹ̀ gbogbo àwọn arúgbó tó ń yí bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Guillemette fún wa ní tiwa.

"Ẹni tó bá fi bàtà ìta tẹ pápá yìí," ó wí, "gbogbo ayò tó ti jẹ di ti ẹnìkejì. Ìyá ìyá mi ló ṣòfin yẹn."

"Ẹni tí ò bá wá jẹ ayò rárá ńkọ́, mà?" Anselme bi í.

Guillemette rìn dé ògiri ìparí pápá, ó fa aṣọ kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwòrán obìnrin kan ló wà níbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ká yẹ̀rì sókè, ìdí rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí èso ápù. "Fanny nìyẹn. Ẹni tó bá pa òdo á kúnlẹ̀, á fẹnu kò ó nídìí."

Anselme pàtẹ́wọ́. "Bọ̀ọ̀dá Firmin, èmi pẹ̀lú yín! Bí ẹ bá ti kúnlẹ̀, mo máa ya fọ́tò yín. Ara igi Kérésìmesì Màmá la máa gbé e kọ́!"

Solange rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ.

"Mo gbà," ni mo wí. Wáìnì ló fèsì o, kì í ṣe èmi.

Bọ́ọ̀lù wọn kì í lọ tààrà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan wúwo ju èkejì lọ. Ẹ ó yí i sí apá òsì, á gun etí pápá, á rò ó díẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹni tí tiẹ̀ bá sún mọ́ bọ́ọ̀lù kékeré jù ló jẹ ayò, ayò mẹ́wàá ló parí eré. Tèmi rìn káàkiri bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù, ó lọ sùn sí kọ̀rọ̀.

"Ó ń relé ìyá rẹ̀!" ni arúgbó kan wí.

Anselme jẹ ọ̀kan, ó jẹ méjì, ó jẹ márùn-ún. Àfi bí ẹ̀rín ṣe gbá mi mú. Ìrìn kan náà ni èmi àti bọ́ọ̀lù yẹn ń rìn! Solange sáré wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń pariwo mọ́ bọ́ọ̀lù, "Padà wá ńbí, òpònú!" Àwa méjèèjì dì mọ́ra wa, a ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Nígbà tó ku ayò kan, bọ́ọ̀lù mi yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ó dúró ti kékeré náà pẹ́kípẹ́kí. Gbogbo ilé dìde. Ti Anselme rọra dé, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mẹ́wàá sí òdo.

"Fanny! Fanny!" Gbogbo sálúbàtà ń lu ilẹ̀. Guillemette ní eré ò tíì parí, àfi bí ẹnu bá kan Fanny.

"Ẹ dúró!" Anselme kígbe. "Ẹ jẹ́ n mú fóònù nínú mọ́tò!" Ó sáré jáde.

Mo rìn dé abẹ́ Fanny, mo kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà lojú mi máa ń wà. Mo rí Anselme tó ń bọ̀, ó gbé fóònù sókè, ó tẹjú mọ́ ọn. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà ńlá tó wọ̀ lọ sídìí mọ́tò, ẹrẹ̀ oko àjàrà lára rẹ̀.

"Anselme, bàtà!"

"Ẹ̀rù ti ń bà yín!"

"Mo ní bàtà! Wo ẹsẹ̀ ẹ!"

"Kúẹ̀ẹ̀!" ló fi dá mi lóhùn, ó ju apá kan bí ìyẹ́, ó sì gun orí pápá kó lè ya ojú mi dáadáa.

Gbogbo arúgbó na ọrùn wò ó. Guillemette rìn lọ wo ẹrẹ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kàn án.

"Mẹ́wàá, ti Firmin. Òdo, ti Anselme."

"Mà, eré la sáà ń ṣe—"

"Ìyá ìyá mi kì í ṣeré."

Mo dìde, mo gbọn orúnkún mi, mo fi àyè sílẹ̀ fún Anselme. Solange gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe ń fẹnu ko Fanny nídìí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó gbórí lé ẹsẹ̀ mi. "Ó kìlọ̀ fún ẹ! Ọkọ mi kìlọ̀ fún ẹ!"

Lọ́jọ́ Sunday, ilé Màmá la ti jẹun. Màmá bu ọbẹ̀ fún wa, ó ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀. "Anselme, ìwọ tó máa ń ròyìn. Kí ni Firmin tún ṣe níbẹ̀?"

Pẹ́pẹ́yẹ ké nínú ọgbà. Mo gbé ẹsẹ̀ mi sókè díẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Solange fi ẹsẹ̀ tiẹ̀ gbè é.

"A ṣeré bọ́ọ̀lù," Anselme wí.

"Ta ló jẹ ayò?"

Anselme wo Solange. Solange gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi na iyọ̀," Anselme wí. "Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́."