Ẹni tó Ni Ẹ̀rọ

1

…bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ Ìyá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ara wọn yé. Èyí tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, fóònù tó ń rán an létí oògùn, kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn: tẹ́lẹ̀, kálukú ló ń sọ tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló jókòó tì wọ́n, tó kọ ìtumọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ ń lò. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìyá ń pè é ní Ògbufọ̀.

2

Díẹ̀ nínú ohun tó kọ:

ṢÚGÀ ÀÁRỌ̀ = ṢÚGÀ KÍ Ó TÓ JẸUN

ẸNI TÓ NI Ẹ̀RỌ = ẸNI TÍ A WỌN Ẹ̀JẸ̀ RẸ̀

3

Ìkìlọ̀, lórí fóònù Ògbufọ̀ níbi iṣẹ́:

*Ṣúgà Ìyá ń gòkè. Dókítà ti rí i. Abẹ́rẹ́ ọ̀sán òní di ìlọ́po méjì. Nọ́ọ̀sì ti wà lọ́nà.*

Ó pe àbúrò Ìyá, tó máa ń yà kí i láràárọ̀.

4

ÀǸTÍ: Ta ló ń pè mí nígbà tí kéèkì wà lẹ́nu mi?

ÒGBUFỌ̀: Àǹtí mi, ṣúgà Ìyá ti lọ sókè.

ÀǸTÍ: Ti ta? Tirẹ̀ ti wálẹ̀ dáadáa. Tèmi ló ń gòkè bí ẹni tí ajá ń lé. Àárọ̀ yìí náà la jọ wọ̀n ọ́n.

ÒGBUFỌ̀: Ẹ̀rọ wo?

ÀǸTÍ: Tirẹ̀ ni. Ṣé kí n lọ ra òmíràn nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ní? Mo máa ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́ tó ń gún ìka o. Èmi kì í ṣe ọ̀bùn.

5

Ẹni tó ni ẹ̀rọ.


Ẹni tí a wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.


Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi so wọ́n pọ̀.

6

Abẹ́rẹ́ tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, ìlọ́po méjì, fún ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀. Á dákú. Ó lè má jí.

7

Sí nọ́ọ̀sì:

*Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gún un. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn wà nínú ohun tí ẹ̀rọ Ìyá wọ̀n. Ẹ tún un wọ̀n.*

Kò tíì kà á.

8

Ó pa ìlà kejì nínú ìtumọ̀ náà rẹ́.

*A ti gba àtúnṣe. Yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la.*

9

Ó pe Ìyá. Kò gbé e. Ìyá kì í gbé fóònù níwájú àlejò. Ó ní àrífín ni.

Ó tún pè é.

Ó tún pè é.

ÌYÁ: Ògbufọ̀, kí ló ń lé ọ? Mo ní àlejò. Dúró, jẹ́ kí n kọ́kọ́ na apá fún un.

ÒGBUFỌ̀: Màámi, ẹ má—

10

*Abẹ́rẹ́ ọ̀sán:*

*☐ ó ti gbà á*

*☐ kò tíì gbà á*