Àwọn Tí Wọn Kò Kà Mọ́ Olùgbọ́

Láàárọ̀ ọjọ́ tí díréktọ̀ tuntun pe ìpàdé, kò sí ẹni tó fẹ́ wo Jocelyne Fálúyì lójú. Pacôme tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, tó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàtà rẹ̀ ń pariwo ju rádíò lọ, kàn kí i tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Jocelyne mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n fẹ́ sọ.

Etí ìlú Pobè ni ilé rádíò náà wà, lẹ́yìn oko ọ̀pẹ ńlá. Akéde Ilẹ̀ Wa ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ti ìjọba, kì í sì í ṣe ti olówó kankan. Àwọn abúlé ló parapọ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn ará Ìsàbà ru iyanrìn, àwọn ará Takon àti Ita-Djèbou la igi, gbogbo wọn ló sì jọ fa okùn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òpó rẹ̀ nàró. Jocelyne wà lára àwọn tó fa okùn náà. Láti ìgbà yẹn ló ti ń ṣe ètò kan lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Orin Ìyá Wa. Orin àwọn obìnrin Ọ̀họ̀rí àti Ànàgó ló ń fi síbẹ̀: èyí tí wọ́n ń kọ bí wọ́n bá ń pa èkùrọ́, èyí tí wọ́n fi ń sin ìyàwó, èyí tí wọ́n fi ń sin òkú àgbà. Kò sí ìlù, kò sí gìtá. Ohùn ènìyàn ni, àti àtẹ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gun sẹ́mijàn lọ sí àwọn abúlé láti gbà wọ́n sílẹ̀. Ìgbà tí ẹrẹ̀ bá mú táyà alùpùpù náà, á bọ́ bàtà sọ́wọ́, á fẹsẹ̀ rìn ín.

Euloge ni orúkọ díréktọ̀. Kutọnu ló ti wá, ọmọkùnrin tó mọ́ra, tí kì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó tan àwòrán kan sára ògiri, ó ní ìwádìí tí wọ́n ṣe nípa àwọn olùgbọ́ nìyẹn. Wákàtí orin tuntun, orin Nàìjíríà àti ti Kutọnu, ga bí ìrókò. Ti Jocelyne kúrú bí kùkùté. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọ́n bi, mẹ́ta péré ló ní àwọn ń gbọ́ ọ. Euloge ní orin tuntun ni rádíò náà yóò máa lù láti àárọ̀ títí di alẹ́, pé Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni Orin Ìyá Wa yóò parí.

Jocelyne kò rò pé irọ́ ni àwòrán náà ń pa. Océane, ọmọ tirẹ̀ tó bí nínú ara rẹ̀, orin Nàìjíríà ló ń tì bọ etí lójoojúmọ́, kì í sì í rántí ètò ìyá rẹ̀ àfi bí ó bá fẹ́ tọrọ nǹkan. Ohun tó béèrè ni ibi tí wọ́n ti bi àwọn ènìyàn. Euloge dáhùn pé Sakété ni, àti àárín ìlú Pobè, pé wọ́n tilẹ̀ dé Takon àti Ita-Djèbou. Ọ̀họ̀rí ńkọ́? Ó ní ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ ti di ẹrẹ̀, àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀ yí padà lójú ọ̀nà.

Jocelyne wá béèrè ọ̀rọ̀ àǹtẹ́nà, nítorí ó ti ń gbọ́ ọ fìrí pé wọ́n ti yí i. Pacôme tẹ orí ba. Euloge kò fi bò. Ó ní nígbà tí ìjì wó àǹtẹ́nà, tí wọ́n tún un gbé sókè, Sakété ni wọ́n kọjú rẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni àwọn ìsọ̀ tó ń polówó ọjà wà. Kò sí oníṣòwò tí yóò polówó fún oko àgbàdo. Bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá ló ṣe sọ ọ́.

Jocelyne dìde dúró. Ó ní, “Díréktọ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn síta, ẹ wá ń sọ pé kì í wá kí yín.”

Euloge rọra pè é ní Tàntí, bí gbogbo wọn ṣe ń pè é, ó ní òun kò bá a jà, ó sì fi iṣẹ́ mìíràn lọ̀ ọ́: kí ó máa ka ìkéde láàárín orin àti orin. Jocelyne ní òun kò fẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ó gba Ìsàbà lọ, ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, pẹ̀lú rádíò kékeré lọ́wọ́. Bí ó ti ń jìnnà sí Pobè ni ohùn ń fẹ́lẹ́, ó ń ta pàrà-pàrà bí àgbàdo tí wọ́n ń yan, kò sì tíì dé abúlé tó fi kú pátápátá. Berthe Èṣùbíyìí ló lọ bá. Nínú gbogbo àwọn ìyá tó ń kọrin fún un, kò sí èyí tí ohùn rẹ̀ lágbára tó ti Berthe. Ó bá a níbi tó ti ń ṣa ata. Ìyá náà sọ fún un pé ó ti pẹ́ tí àwọn kò ti gbọ́ nǹkan kan nílé. Pé bí ó bá di Ọjọ́bọ̀, òun àtàwọn obìnrin á gbé rádíò, wọ́n á gun orí òkè ilé ẹ̀kọ́, níbi tó ti máa ń fọhùn díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn kì í lè bá wọn lọ.

Jocelyne wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Berthe fi ata sílẹ̀.

“Ṣé wọ́n ní a ti kú ni?” Ohun tó bi í nìyẹn.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, Jocelyne mú Berthe àti àwọn obìnrin mélòó kan wọ yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Euloge ti kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére fún un sílẹ̀, ọ̀rọ̀ dáadáa tó kún fún ọpẹ́. Jocelyne da ojú ìwé náà dé orí tábìlì. Ó fa míkírò mọ́ra, ó kí àwọn ará ilé, ó kí àwọn ará oko, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ bí ó ti rí: pé wọ́n fẹ́ pa ètò náà; pé àwọn tó fẹ́ràn orin tuntun pọ̀, òun kò sì bá wọn du orin wọn; ṣùgbọ́n wọ́n ti yí àǹtẹ́nà kúrò lọ́dọ̀ Ọ̀họ̀rí, wọn kò bi Ọ̀họ̀rí ní ọ̀rọ̀, wọ́n wá ní Ọ̀họ̀rí kò gbọ́. Ó ní, “Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹni mẹ́ta ló ń gbọ́ mi, ènìyàn ni mẹ́ta. Ẹ̀yin mẹ́ta, ẹ tẹ́tí.”

Berthe gbé orin:

*Ẹ ní n má kọrin, mo kọrin,*
*Ẹ ní n má fọhùn, mo fọhùn,*
*Ilẹ̀ tí mo fọwọ́ mi ro,*
*Ibẹ̀ náà ni n ó ti pariwo.*

Euloge ti dé ẹ̀yìn gíláàsì. Ó ń fọwọ́ sọ fún Pacôme pé kó fi orin mìíràn dípò. Pacôme wo Jocelyne, ó wo díréktọ̀, ó rántí pé òun ní ọmọ méjì nílé ẹ̀kọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì. Iná pupa tó wà lókè ilẹ̀kùn, tó ń fi hàn pé ayé ń gbọ́ wọn, kú. Jocelyne rí i, Berthe náà rí i, ó sì bi í bóyá wọn kò gbọ́ àwọn mọ́. Jocelyne ní wọn kò gbọ́ mọ́. Berthe fi ọwọ́ nu ẹnu, ó tún orin náà gbé láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ dé òpin kí wọ́n tó jáde.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ní kí Jocelyne lọ jókòó sílé.

Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́. Raphaël, olùkọ́ àgbà kan láti Sakété, ni alága. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí wá tìbínú-tìbínú, ṣùgbọ́n ohun tó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu ni pé àwọn ará Takon àti Ita-Djèbou, tí ohùn rádíò ń dé ọ̀dọ̀ wọn kedere, dúró tì wọ́n. Wọ́n ní àwọn kò la igi kí wọ́n lè fi ẹ̀yìn kọ ẹnikẹ́ni. Ìgbìmọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n yí àǹtẹ́nà padà kó lè máa ránṣẹ́ sí ìhà gbogbo. Lẹ́yìn náà ni Raphaël yíjú sí Jocelyne, ó ní iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, kìkì kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ díréktọ̀ pé ó fi rádíò bá a wíjọ́.

“Bàbá,” ni Jocelyne wí, “bí mo bá tọrọ àforíjì, ohun tí mo ń sọ ni pé kò yẹ kí n sọ òtítọ́ fún àwọn tó kọ́ ilé náà. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀.”

Báyìí ni àǹtẹ́nà ṣe padà, tí Jocelyne kò padà. Valentin ọkọ rẹ̀ kò bínú, ṣùgbọ́n ó bi í nílé bóyá ẹnu kò lè tọrọ àforíjì kí ọkàn dúró síbi tó wà. Jocelyne ní, “Bàbá Océane, ẹnu ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá fi purọ́, kí ni n ó tún fi ṣe?” Ọkùnrin náà mi orí.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ tún dé, ọkọ̀ kan já Berthe àti àwọn obìnrin rẹ̀ sí iwájú ilé rádíò. Wọn kò gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ránṣẹ́ pe Jocelyne, nígbà tó sì tó àkókò ètò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fabiola, ará Gùn láti ìhà Àjàṣẹ́, ni wọ́n fi sí wákàtí náà láti máa lu orin tuntun. Ògiri ilé náà kò nípọn. Bí Fabiola bá ti ṣí míkírò láti sọ̀rọ̀, ohùn Berthe á bá a wọlé. Àwọn ènìyàn wá ń pe fóònù láti Sakété, láti Pobè, láti Ìsàbà tó ti ń gbọ́ báyìí, wọ́n ń béèrè ẹni tó ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún wá. Ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ nínú orin náà kò yé Fabiola, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe, ó ṣílẹ̀kùn, ó fa wáyà jáde sí àgbàlá, ó sì na míkírò sí Jocelyne.

Euloge jáde lẹ́yìn rẹ̀. Fabiola sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé àwọn ènìyàn ń pè, wọ́n fẹ́ mọ̀ wọ́n. Ara Jocelyne ni ojú díréktọ̀ wà.

“Tàntí, ẹ ò tíì tọrọ àforíjì.”

“Mi ò sì ní tọrọ rẹ̀.”

Ó gba míkírò, ó kí àwọn ará ilé, ó kí àwọn ará oko. Euloge dúró títí orin àkọ́kọ́ fi parí, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, lẹ́yìn náà ó wọlé. Kò sí ẹni tó pa iná pupa náà.

Láti ìgbà náà, wọn kò dá Jocelyne padà sẹ́nu iṣẹ́, òun náà kò sì bẹ̀bẹ̀. Abẹ́ máńgòrò ni Orin Ìyá Wa ń ti jáde ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, àárín orin Nàìjíríà àti ti Kutọnu. Lọ́jọ́ kan òjò ṣú, ẹ̀fúùfù bẹ̀rẹ̀ sí fa gèlè wọn, Pacôme sì sáré jáde láti fi ọ̀rá bo míkírò. Berthe ní kí ẹni tí ẹ̀rù òjò bá ń bà wọlé. Òjò rọ̀ lé wọn lórí. Kò sí ẹni tó dìde.