Níbo Làwọn Bátìrì Yìí Ń Sùn?

Bẹ́ ẹ bá gbọ́ bí ọkọ̀ mi ṣe ń ké láàárọ̀ ọjọ́ náà, àánú á ṣe yín. "Ùn-ùn-ùn," ló ń wí, bí àgbàlagbà tí wọ́n jí tipátipá. Mo tún yí kọ́kọ́rọ́. Ó kérora díẹ̀, ó sì dákẹ́. Mo fọwọ́ lu sítíárì, mo ní, "Ìwọ ọkọ̀ yìí, kí ni mo fi ṣe ẹ́ gan-an?"

Ọkọ̀ akẹ́rù ni, dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu, bátìrì méjì ló sì ń lò. Ìyẹ̀fun ni mo fi ń kó láti ilé iṣẹ́ kan ní Oregun lọ fún àwọn oníbúrẹ́dì Abúlé Ẹ̀gbá. Damaris, obìnrin ará Èkìtì tó ń pín ẹrù fáwọn ọkọ̀ níbẹ̀, ti kìlọ̀ fún mi. "Bàbá Kaothar, ẹ má bínú o. Tẹ́ ẹ bá tún pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan sí i, ọkọ̀ míì ni màá fún láyè yín, mi ò sì ní í gbà á padà lọ́wọ́ ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n mo mọ Damaris, kì í ṣeré. Iṣẹ́ yẹn sì ni gbogbo ilé mi ń jẹ. Mi ò ní òmíràn.

Ohun tó rú mi lójú ni pé àárọ̀ nìkan ni ọkọ̀ yìí ń ya wèrè. Táwọn ọmọ gáréèjì bá ti bá mi tì í jí, tó wá di ọ̀sán, kẹ́ ẹ kàn fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ báyìí, gbìì, ó ti dáhùn! Ta ló rí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ rí?

Mo pe Àbdùlgàfár, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì wa ní Agége. Ó yẹ ọ́táńẹ́tọ̀ wò, ó ní ó ń fún bátìrì níná dáadáa. Ó tú sítátà, ó ní ara ẹ̀ le. Ó ha ìpata kúrò lórí àwọn bátìrì títí wọ́n fi ń dán, ó sì tún gbogbo wáyà ìdí wọn so le. Inú mi dùn, mo fún un lómi tútù mu. Nígbà tílẹ̀ mọ́, "ùn-ùn-ùn."

Ni Àbdùlgàfár bá gbé mítà lé bátìrì méjèèjì, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́ kó lè máa wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan ò lágbára. Èyí ni." Ó fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sí i kó má baà ṣì í mọ̀. Ó ní ká ṣì máa wò ó títí di ọ̀la.

Ọ̀la dé. Ọkọ̀ ké bó ṣe máa ń ké. Àbdùlgàfár gbé mítà jáde: bátìrì alámì pupa kún fọ́fọ́, èkejì ni kò lágbára mọ́. Ó wo mítà, ó wo èmi náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò pa àmì yẹn dà ṣá?"

"Èmi? Ṣé mo jọ ẹni tí kò níṣẹ́ ni?"

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, alámì pupa ló tún rẹ̀. Àbí kí lèyí! Àfi bíi pé wọ́n jọ pín iṣẹ́ àárẹ̀ ṣe. Àbdùlgàfár jókòó sórí táyà, ó ṣí fìlà ẹ̀, ó ní, "Wallahi, kò yé mi." Orí mi gbóná. Tí kò bá yé ìwọ, ta ló fẹ́ yé?

Mo ní Àlàbá ni. Awakọ̀ ni Àlàbá náà, ọkọ̀ ẹ̀ kì í jìnnà sí tèmi, ó sì ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ àyè mi ní Oregun. "Òun ló ń wá tọwọ́ bọ̀ ọ́," ni mo sọ fún Àbdùlgàfár.

"Ṣé inú ọkọ̀ ni bátìrì ń wà mọ́jú ni?"

"Rárá o! Ṣé káwọn olè lè gbé e lọ ni? Ṣé gbogbo wa kọ́ la máa ń tú tiwa tílẹ̀ bá ti ń ṣú ni? Mo máa ń fi bárò tì wọ́n lọ sílé. Pálọ̀ mi ni wọ́n ń sùn."

"Báwo wá ni Àlàbá ṣe ń dé pálọ̀ yín?"

Ó ní kí n fi àwọn bátìrì náà sílẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù òun lọ́jọ́ náà, òun á tì í pa.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi, Láídé, ń wo ẹ̀yìn mi. "Bárò dà? Bátìrì ńkọ́?" Mo ní wọn ò ní í wá sùn sílé. Ó ní, "Títí di ìgbà wo?" Mo ní, "Kí ló kàn ẹ́ kan bátìrì?" Ó wọ yàrá lọ.

Ẹ wò ó, oorun nìkan ló ń dùn mọ́ mi lásìkò yẹn. Tẹ́lẹ̀, ooru kì í jẹ́ kí n sùn ní yàrá wa. Mo tiẹ̀ ti tòògbé rí nídìí ọkọ̀, lórí afárá Abúlé Ẹ̀gbá. Mo sọ ọ́ fún Láídé, mo sì fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló jọ pé àwọn oníná ṣàánú wa. Tí mo bá ti sùn, màá kàn gbọ́ tí fáànù ń fẹ́ yẹ́ẹ́ sí mi lára. Tílẹ̀ bá fi mọ́, wọ́n ti mú iná wọn lọ. Mo máa ń ṣàdúrà fún wọn. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ táwọn bátìrì ò sí nílé yìí, iná ò dé. Mo làágùn títí, mi ò sì fojú kan oorun.

Láàárọ̀, Àbdùlgàfár gbé bátìrì méjèèjì sínú ọkọ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Gbìì! Ó fò sókè, ó ń pariwo, "Mo sọ fún yín! Ilé yín ni wàhálà wà!" Mo tètè dé Oregun, Damaris sì yọ̀ mọ́ mi. Mo kẹ́rù, mo kọrí sí Abúlé Ẹ̀gbá.

Hóònù ló jí mi. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan wà níwájú mi gan-an, obìnrin kan gbọ́mọ pọ̀n nínú ẹ̀. Mo tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ tòun tìyẹ̀fun lẹ́yìn mi. Díẹ̀ báyìí ló kù. Oní-Márúwá bú mi, ó bú bàbá mi. Mo páákì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Nígbà tí mo já ẹrù tán, ilé ni mo gbà lọ. Láídé ń ká aṣọ lórí okùn.

"Láídé, ìgbà wo làwọn oníná máa dá iná òru wa padà?"

"Iná wo, Bàbá Kaothar? Ṣebí tiransifọ́mà àdúgbò ti jó látìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀."

Ó wọlé, ó fa nǹkan kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ògbólógbòó ló fi wé e. Ínfátà kékeré ni, ẹ̀rọ tó ń fi iná bátìrì yí fáànù.

"Látọjọ́ tẹ́ ẹ ti ní ẹ tòògbé lórí afárá, tẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé tí mo bá tọrọ bátìrì ọkọ̀, ẹ ò ní í gbà. Tẹ́ ẹ bá ti sùn ni mo máa ń so bátìrì kan mọ́ ọn, kí fáànù lè fẹ́. Kí n tó kírun àsùbáà, mo ti tú u. Mo tiẹ̀ ń pín iṣẹ́ náà fún wọn ni, ọ̀kan lónìí, èkejì lọ́la, kó má baà rẹ ẹyọ kan jù."

Inú bí mi dé góńgó. Mo lanu, mo ní, "Láídé, o fẹ́ẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi!" Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀, obìnrin inú Márúwá ló wá sí mi lọ́kàn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Láídé wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ọkọ̀ ńkọ́? Ṣé ó jí lónìí?"

"Ó jí," ni mo wí. "Èmi ni mi ò jí."

Mo wá sọ gbogbo ọ̀rọ̀ Márúwá náà fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò fi rẹ́rìn-ín.