Pátákó Merle Kreger

"Ta ló gbé pátákó Merle?"

Corwin Haas ló béèrè. Ó dúró sáàárín gbọ̀ngàn eré ìdárayá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Alder Fork, ó na ìka sí ihò kan tó là gbayawu níwájú àwọ̀n, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ yòókù ti di pákó dídán. Àwọn tó wà níbẹ̀ wo ihò náà, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ bí ẹni pé ajá ló gbó.

Ní Alder Fork, kì í ṣe àwọn ọmọ nìkan ló ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ìlú ló ń gbá a. Dókítà Yost, oníṣègùn eyín, ló ra ẹ̀rọ tó ń ka àmì ayò. Ìdí nìyẹn tí eyín ńlá kan fi ń rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀. Lyle Bontrager ẹlẹ́lẹ́dẹ̀ ló ń ra bàtà fún àwọn ọmọ náà, òun náà ló sì ń fi ẹran bọ́ wọn títí ọrùn wọn fi ki. Ilẹ̀ pákó yìí gan-an, ìlú ló dá a jọ. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ra pátákó kan tó tóbi tó ilẹ̀kùn, wọ́n sì kọ orúkọ wọn sí i gàdàgbà. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ ti ń borí, nítorí kò sí ọmọ tó lè ya ọ̀lẹ lórí orúkọ ẹni tó ń bọ́ ọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn àgbẹ̀ fẹ́ pàtẹ màlúù nínú gbọ̀ngàn náà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí màlúù yàgbẹ́ sórí orúkọ bàbá òun. Wọ́n tú ilẹ̀ náà, wọ́n tò ó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Corwin, igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ tó bá rí nǹkan tí wọ́n tú sí wẹ́wẹ́, ló ní òun á tún un tò. Ó tò ó, inú rẹ̀ ń dùn, àfi ìgbà tó kan èyí tó kẹ́yìn. Èyí tó kẹ́yìn di àwátì.

Ká ní pátákó ẹlòmíràn ni, wọn ì bá rí ọgbọ́n dá sí i. Ti Merle Kreger ni. Merle ti kú, ìyàwó rẹ̀, Màmá Leota, ló kù tó ń ná owó ọkà wọn, ó sì ti sọ pé tí eré òní bá dùn mọ́ òun, òun á ra bọ́ọ̀sì tuntun fún ẹgbẹ́. Èyí tí wọ́n ń lò, títì ni àwọn ọmọ máa ń tì í dé ìlú kejì. Rẹfirí tó máa dárí eré náà ti sọ tirẹ̀: tí ihò bá fi lè wà níbẹ̀, kò séré, àlejò ló borí. Ọrùn Corwin ni gbogbo rẹ̀ wà.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó lábẹ́ àga."

"Mo ti wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí àyè ti ṣí níwájú àwọ̀n, ṣé o ò kúkú sún tèmi síbẹ̀? Igun lo tì mí sí. Ta ló ń wo igun?"

"Tí mo bá sún tiyín, ihò á wà nígun."

"Ihò igun kì í pa èèyàn."

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́rọ̀ míì, oníṣègùn eyín," Lyle dá sí i. "Mo ní ilẹ̀kùn ilé ẹlẹ́dẹ̀ kan nínú ọkọ̀. Igi gidi ni."

Ẹni tí odò ń gbé lọ kì í ṣa igi tó máa dì mú. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà wọlé, wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọnú ihò, ó sì gbà bákan ṣá. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Corwin gbá bọ́ọ̀lù lórí pákó dídán, bọ́ọ̀lù ń fò sókè, pàà, pàà. Ó gbá a lórí ilẹ̀kùn, bọ́ọ̀lù náà dún pọ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó délé.

Rẹfirí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fimú fa afẹ́fẹ́. "Kí ló ń rùn?"

"Owó ni," Lyle dáhùn. "Owó ló máa ń rùn bẹ́ẹ̀. Òun ló ra bàtà."

"Ẹ gbé e jáde."

Àwọn àlejò ti dé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò. Èyí tó ga jù nínú wọn béèrè bóyá inú ihò yẹn ni ẹgbẹ́ Alder Fork máa sá sí tí àwọn bá nà wọ́n tán.

Corwin wo inú ọkọ̀, ó wo ẹ̀yìn ìjókòó, ó wo ilé ìwẹ̀ pàápàá. Nígbà tí kò rí i, ó pinnu pé kí òun fẹnu ara òun sọ ọ́ fún Màmá Leota kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Màmá wà ní yàrá kejì, níbi tí àwọn obìnrin alátìlẹ́yìn ti ń bu oúnjẹ kí eré tó bẹ̀rẹ̀: ọbẹ̀ ẹ̀wà ẹlẹ́ran gbígbóná, pẹ̀lú búrẹ́dì aláṣúgà tí wọ́n ká bí ìkarahun ìgbín. Wọ́n ń fi búrẹ́dì náà run ọbẹ̀. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí i, àlejò ni.

"Màmá, ẹ kú oúnjẹ."

"Corwin, jókòó. O rí bí ẹni tí màlúù tẹ̀."

"Màmá, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò dáa."

"Kò sọ́rọ̀ tó ń dáa lójú ẹni tébi ń pa. Jẹun."

Wọ́n ti gbé abọ́ síwájú rẹ̀ kó tó lè kọ̀. Ó jókòó, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì, ó gbé ọbẹ̀ mì. "Ọ̀rọ̀ náà kan Bàbá Merle."

"Mo mọ̀. Mo ti ń wá ọ láti dúpẹ́," Màmá ní. "Àwọn obìnrin yìí ní tábìlì ò tó, pé pátákó tọ́wọ́ àwọn kọ́kọ́ bà lára ògiri làwọn gbé lé ẹsẹ̀ igi. Wọ́n ò lè tàn mí. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí n lè bá a jẹun."

Màmá gbé abọ́ rẹ̀ sókè kó lè mu omi ọbẹ̀ tó kù. Lábẹ́ abọ́ náà, lẹ́tà pupa gàdàgbà ni: MERLE. Corwin gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kúrò. KREGER ló wà níbẹ̀.

Ó fo dìde, ó di etí pátákó náà mú. "Màmá, rẹfirí ń dúró."

"Kó dúró. Mo ṣì ní búrẹ́dì kan," Màmá Leota ní, ó sì run ún. "Ẹni tó bá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì tuntun, á kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dúró."