Ooru tó Ń Mú Ìyábọ̀dé

Oṣù mẹ́rin gbáko ni Ìyábọ̀dé kò fi rí nǹkan oṣù rẹ̀, ó sì dá a lójú pé oyún ni. Ọdún 1992 nìyẹn, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Tíṣà ni ní Ẹ̀gbẹ́dá. Láti ọdún mọ́kàndínlógún tí òun àti Olúsànyà ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ra, ọmọ ọlọ́mọ nìkan ló ń bá nu imú.

Ooru a kàn ṣàdédé gbéra láti àyà rẹ̀, a gun orí, òógùn a bò ó. Oorun kò kùn ún mọ́, ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan a sì máa mú un sunkún. Gbogbo rẹ̀ ló kà sí àmì oyún. Olúsànyà ti ń kun yàrá ẹ̀yìn nínú ilé wọn ní Gowon Estate. Ó ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí wọ́n ń lọ, àwọn ìyá aláṣọ funfun sì ti jó yí ìyàwó rẹ̀ ká.

Ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìkòtún, ẹ̀ẹ̀mejì ni Nọ́ọ̀sì Sìdíkátù yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò.

"Tíṣà, ẹ má bínú," ó ní. "Kì í ṣe oyún. Họ́mọ́ọ̀nù ara yín ló ń lọ sílẹ̀. Bí obìnrin bá ń dàgbà, ẹyin inú rẹ̀ a máa tán, nǹkan oṣù a sì dáwọ́ dúró."

Ìyábọ̀dé béèrè bóyá oògùn wà. Nọ́ọ̀sì ní dókítà lè kọ èyí tó máa dín ooru náà kù, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń dá ẹyin padà. Ó ní kó máa wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó dín ata àti kọfí kù, kó máa rìn láràárọ̀, kó sì máa mu mílíìkì nítorí egungun.

Nígbà tó délé, Olúsànyà dúró lórí àga nínú yàrá ẹ̀yìn, búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kì í ṣe oyún," Ìyábọ̀dé wí. "Ọjọ́ orí ni."

Ọkọ rẹ̀ kò bá a jà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́, ó sì jáde.

Ìyábọ̀dé ń rìn. Láràárọ̀ ló ń gba ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ lọ, níbi tí àwọn onílé tuntun ti ń kọ́lé sórí oko. Nígbà tó fi máa tó oṣù mẹ́ta, ooru náà ti rọlẹ̀, ó sì ń rí oorun sùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n pálọ̀ ni Olúsànyà ń sùn ní tirẹ̀. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ó jókòó tì í, ó ní ọmọbìnrin kan ti lóyún fún òun ní Ìjẹ̀bú.

Ìyábọ̀dé kò pariwo. Ó béèrè ọjọ́ orí ọmọbìnrin náà.

"Ọdún mẹ́rìnlélógún," Olúsànyà dáhùn, kò sì lè wò ó lójú.

Ìyábọ̀dé ní òun ti gbọ́. Ó wọ yàrá lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ rẹ̀ sínú àpótí, lọ́kọ̀ọ̀kan.